Igbá Baba Ìṣọ̀lá

Ní ìlú Òkè-Àbàtà, obì ni wọ́n fi ń ra ohun gbogbo. Àwọn oníṣòwò láti Òkè Ọya a máa wá kó o ní apẹ̀rẹ̀-apẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́ tí àwọn ará ìlú fi pa iṣu gbígbìn tì. Ta ni yóò máa kọ ebè nínú oòrùn nígbà tí apẹ̀rẹ̀ obì kan lè ra iṣu tí yóò kún ilé?

Baba Ìṣọ̀lá wà lára àwọn tí obì sọ dolówó, ó sì láwọ́. Bí Àjíún ìyàwó rẹ̀ bá fi oúnjẹ ọ̀sán ránṣẹ́ sí i lóko nínú igbá ńlá, àwọn ọmọ-ọmọ wọn méjì, Ìdòwú àti Àlàbá, ni í rù ú wá. Baba á jẹ díẹ̀, á ti igbá sí wọn, á ní, "Ẹ gbà, kí ẹ lè tètè dàgbà." Àwọn ọmọ á jẹ èyí tó kù ní àjẹpọ́nnulá, wọn á sì ru igbá padà sílé. Kò sẹ́ni tó fi èyí ṣòfin. Bí wọ́n ti bá a nílé ni.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a bọ̀ títí ogun fi dí ọ̀nà òkè. Àwọn oníṣòwò ò wá mọ́. Obì ń rà nínú apẹ̀rẹ̀, iṣu tó ń ti ìlú kejì wá sì di ọ̀wọ́n gógó. Ẹni tó ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ di ẹni tó ń jẹun lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan ní àwọn á kúkú jẹ obì náà, ṣùgbọ́n ta ni obì yó rí? Oorun ló lé lọ, kò lé ebi.

Àjíún ta àwọn igbá ilé, ó ku ńlá yẹn nìkan. Igbá ò kéré sí i, oúnjẹ inú rẹ̀ ló ń kéré. Ohun tó máa ń jọ mí lójú nìyí: kí ni ebi ń sọ sétí ẹni tó láwọ́, tó fi ń di ẹni tó ń háwọ́? Nítorí Baba Ìṣọ̀lá ò kàn jí lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ di ahun. Lákọ̀ọ́kọ́, òkèlè kan péré ló bù lé e. Nígbà tó yá, ọbẹ̀ díẹ̀ ló ń ṣẹ́ kù. Ó ní òun ni òpó ilé. Bí òpó bá wó, ta ni yóò gbé òrùlé dúró? Àwọn ọmọ ń fi ìka nu ìdí igbá, wọ́n sì ń rù ú lọ sílé.

Nígbà tí ìyà náà wá pọ̀, àwọn àgbà ìlú kó gbogbo àgbàdo tó ṣẹ́ kù jọ sínú àká kan, kí wọ́n lè máa pín in kárí. Ta ni yóò máa pín in? Orúkọ Baba Ìṣọ̀lá ló wà lẹ́nu gbogbo wọn, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ là. Inú Baba dùn dé ẹ̀yìn. Obì ti já a kulẹ̀, iyì yìí nìkan ló kù tí yóò tún sọ ọ́ dènìyàn láwùjọ. Wọ́n ní kó wá bá àwọn lábẹ́ igi odán nírọ̀lẹ́ kí wọ́n lè fi àká lé e lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ náà gan-an, Baba jẹun lóko, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìka nu ìdí igbá. Ìgbà tí yóò fi gbójú sókè, àwọn ọmọ ti lọ. Wọn ò bínú. Ebi ló gbé wọn lọ sí ìdí ẹbu lódìkejì odò, níbi tí àwọn obìnrin tó ń fọ epo ti máa ń fún ọmọdé ní èkùrọ́ pa jẹ.

"Ìdòwú o! Àlàbá o!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Bó bá fi igbá sílẹ̀ lóko, kí ni Àjíún yóò fi gbé oúnjẹ ọ̀la? Ó gbìyànjú kó fi há abíyá, kò gbà. Baba wọ̀tún, ó wòsì, ó gbé igbá rù. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ìlú láti oko, abẹ́ igi odán ló sì gbà kọjá.

Àwọn àgbà rí i lókèèrè, ẹnu yà wọ́n.

"Ta nìyẹn? Ṣé àlejò ni?"

"Àlejò kẹ̀? Ìṣọ̀lá mà ni o!"

Baba Ọdẹ́yalé, tó dàgbà jù láàárín wọn, dìde dúró dè é. "Ìṣọ̀lá, ẹrù ọmọdé ni mo rí lórí rẹ yìí. Ṣé kò sí?"

"Kò sí o, ẹ̀gbọ́n."

"Àwọn ọmọ wá ńkọ́? Àbí ara wọn ò yá?"

"Ara wọn yá. Wọ́n ti ṣáájú ni."

"Ṣé wọ́n jẹun kí wọ́n tó lọ?"

Baba Ìṣọ̀lá nawọ́ sókè, ó fẹ́ sọ igbá náà kalẹ̀. Ìtìjú bò ó, òógùn sì bo ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú u lábẹ́ igi yẹn, nítorí kò sí ẹni tí ebi ò pa nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kó jókòó.

"Má wulẹ̀ sọ̀ ọ́, àbúrò mi," ni Baba Ọdẹ́yalé wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Máa gbé e relé. Àjíún á ti máa retí igbá rẹ̀."

Bó ti ń lọ, ó gbọ́ tí wọ́n dárúkọ ẹlòmíràn sí ìdí àká. Ó fẹ́ rí ojú ẹni náà, ṣùgbọ́n kò lè yíjú padà, nítorí ẹni tó ru igbá kì í wẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu wọn ní Òkè-Àbàtà, tó fi di òwe tí gbogbo wa ń pa dòní pé: àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.