Lẹbẹ Ẹ̀yìn Àrọ̀

Àlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ apẹja!
(Àlọ̀!)
Àlọ́ mi fò, ó balẹ̀ sétí adágún, ó bá Ológìnní níbẹ̀.

Ológìnní ń yangàn pé kò sẹ́ja tóun ò mọ̀. Àwọ̀n rẹ̀ kọ́kọ́ mú epìyà, ó tún mú àrọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹja onírùngbọ̀n mìíràn jáde.

"Àrọ̀ mìíràn tún nìyí! Ẹ wo irùngbọ̀n bíi tèmi!"

Akàn kékeré kan tó wà létí omi dárin:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wẹ̀yìn rẹ̀ o —
Lẹbẹ dà?
Àrọ̀ ní lẹbẹ gbọọrọ lẹ́yìn —
Lẹbẹ dà?

Ológìnní rẹ́rìn-ín, ó kì í mọ́lẹ̀. Òjìjí tí kò ní lẹbẹ lẹ́yìn ni! Ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ó gbé e sọ sẹ́rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ológìnní fi ń fọwọ́ kan ẹja wò kó tó jẹ ẹ́.

Akàn ńkọ́? Ó ní, "Ọmọ odò ni mí!" Ó nawọ́ méjèèjì sókè, kò sì tíì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ dòní.