Lékeléke Tí Kò Ráyè Sùn

"Àlọ́ o!"
"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Lékeléke, tó ń gbé èrò kọjá odò fún Ògòǹgò, ọba ẹyẹ tí kì í fò.

Òfin ẹyẹ ni pé ẹni tó bá gbé èrò gbọ́dọ̀ sùn kó tó tún gbéra. Ṣùgbọ́n ìlú tí Ògòǹgò ń rán àwọn ẹyẹ rẹ̀ sí ń pọ̀ sí i, ẹyẹ kò pọ̀ sí i.

Lékeléke lọ, ó bọ̀. "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ n sùn."

"Wàá sùn lọ́la."

Ó tún lọ. Oorun gbé e lọ lójú òfurufú. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan omi ló tó jí. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Èrò ń dúró.
*Oorun ń kùn mí.*
Ọba ń pè.
*Oorun ń kùn mí.*

Nígbà kẹta, Òkété àtàwọn ọmọ rẹ̀ ti gun ẹ̀yìn rẹ̀. Lékeléke ní ewu ni, oorun lè gbé òun ṣubú sódò. Ògòǹgò ní, "Ọ̀lẹ, gbéra. Ewu wo ló wà níbẹ̀?"

"Bí kò bá séwu, Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá wa lọ."

Ògòǹgò fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn kíá.

Òkété rí i. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Lékeléke pa ìyẹ́ mọ́ra, ó sì sùn níwájú ọba.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí o kò lè fi ọmọ tìrẹ sí, má fi ọmọ ọlọ́mọ sí i. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ bi Òkété.