Ògúnná Kò Mọ Kànga Tó Ń Pani

"Ògúnná kò mọ kànga tó ń pani, fìtílà ni ká bi léèrè." Bí àwọn àgbà Òkè-Ìpàdò ṣe máa ń pa òwe náà nìyẹn. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí náà ń pa á, wọn a sì máa mi orí bí ọlọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn ló lè sọ ohun tó gbé ògúnná dé inú kànga? Ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ gbòǹgbò rẹ̀.

Láwuyì ni olórí àwọn tó ń gbẹ́ kànga nílùú náà. Lọ́dún kan, ọ̀gbẹlẹ̀ mú odò gbẹ, ó wá ku kànga kan ṣoṣo tí omi rẹ̀ kò tó ìlú mu. Láwuyì àti Abógundé, ọkọ Àjọkẹ́ àbúrò rẹ̀, ti gbẹ́ kànga tuntun dé ìdajì kí ìsìnkú ìyá Abógundé tó dá iṣẹ́ dúró. Lẹ́yìn ìtàdógún, wọ́n padà síbẹ̀.

Àwọn tó ń gbẹ́ kànga kì í kàn ki ara bọ inú ihò tó ti pẹ́ láìsí ẹni tó wọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ búburú a máa sùn sísàlẹ̀ rẹ̀. Kò rùn, kò ṣeé fojú rí, ẹni tó bá sì fà á símú kò ní lè gun okùn padà. Iná ni wọ́n fi ń bi kànga léèrè: bó bá kú nísàlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Fìtílà amọ̀ tí Láwuyì jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló ń lò. Abógundé kò gba ti fìtílà, ó ní ọyẹ́ ń pa á láìnídìí. Ògúnná inú àpáàdì ni tirẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n fi okùn sọ fìtílà sísàlẹ̀, ó kú. Wọ́n sọ ògúnná sísàlẹ̀, ó padà wá ní pípọ́n. Wọ́n tún un ṣe, bákan náà ni. Orí Láwuyì dàrú. Kànga kan, iná méjì, ẹnu wọn ò kò! Bí fìtílà bá ń purọ́, ìlú ń jìyà òùngbẹ lásán. Bó bá jẹ́ ògúnná ló ń purọ́ ńkọ́? Àjọkẹ́ yóò di opó.

"Àna mi, ẹ má bínú, ojo ni fìtílà yín," ni Abógundé wí, ó ti ń so okùn mọ́ ìbàdí. "Ọyẹ́ ló ń pa á. Ẹ jẹ́ kí n wọlé, ìlú ń retí omi."

"Dúró ná, Abógundé. Mi ò mọ èyí tí mo máa gbà gbọ́. Bí o bá wọ̀ ọ́ kí n tó dé, wá ẹni tó máa lọ sọ fún Àjọkẹ́, torí èmi ò ní lè sọ ọ́."

Ó gbé iná méjèèjì, ó ń lọ, kò sì mọ ibi tó ń lọ gan-an. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé kànga tí ìlú ń mu, èyí tí wọ́n wọ̀ lánàá láti kó ẹrẹ̀ rẹ̀. Ó fi ògúnná tan fìtílà, ó sọ ọ́ sísàlẹ̀. Fìtílà jó títí ó fi fà á sókè, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ń fẹ́ o! Ọ̀rọ̀ náà tún wá dàrú mọ́ ọn lójú sí i: ṣé kì í ṣe ọyẹ́ ló pa á láàárọ̀ ni? Àbí kànga yìí ló ṣojúure sí i? Ìgbà náà ló rántí kànga gbígbẹ tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí ewúrẹ́ kan já sí lóṣù tó kọjá, tí ọkùnrin tó lọ yọ ọ́ kò sì jáde láàyè. Ó gba ibẹ̀ lọ. Fìtílà kú kó tó dé àárín. Ó wá sọ ògúnná sí i, ó ní sùúrù díẹ̀, ó fà á. Ògúnná jáde pẹ̀lú ojú pípọ́n, bí ẹni tó lọ kí ará ilé rẹ̀.

Ó wá yé Láwuyì. Kò sí kànga tí ògúnná kò ní sọ pé ó dára! Ooru inú ara rẹ̀ ló ń mú un pọ́n, kì í ṣe afẹ́fẹ́ kànga. Ó bẹ́ sáré.

Sùúrù Abógundé ti tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú kànga. Láwuyì gbé àpáàdì náà síwájú rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kànga tó pa ọkùnrin yẹn," ló wí. "Ibẹ̀ ni ògúnná rẹ ti ń bọ̀."

Abógundé wo ògúnná náà. Ó ṣì ń pọ́n. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, Láwuyì sì bá a tú okùn ìbàdí rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń ju ẹ̀ka eléwé sínú kànga tuntun náà, tí wọ́n ń fà á sókè-sódò kí afẹ́fẹ́ tuntun lè wọ̀ ọ́. Ìlú kùn, wọ́n tilẹ̀ bú wọn ní ọ̀lẹ. Lọ́jọ́ kẹrin, fìtílà jó dé ìsàlẹ̀, Abógundé sì wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá rí i pé ẹ fẹ́ gbára lé ẹ̀rí ẹni tí gbogbo nǹkan máa ń dára lójú rẹ̀, wọn a ní kí ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Bó bá ní kànga tó pa èèyàn dára, ẹ má fi ẹ̀mí yín tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ni wọ́n máa ń sọ pé ògúnná kò mọ kànga tó ń pani. Fìtílà ni ká bi léèrè.