Ìdí Tí Ògbufọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà Fi Ń Kìlọ̀ Nítorí Yàrá Tó Ṣófo

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì kéré lọ́jọ́ orí, Ògbufọ̀ kì í sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òun ló ń gbé inú kọ̀ǹpútà, láàárín èèyàn àti Ẹ̀rọ. Ohun tí èèyàn bá kọ, òun ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún Ẹ̀rọ, nítorí Ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè kankan àfi nọ́ńbà. Bàbá àgbà ni, oníwà pẹ̀lẹ́. Bí wọ́n bá bi í ní ìdí tó fi máa ń dákẹ́, á ní, "Iṣẹ́ tí a bá rán ni là ń jẹ́."

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Mojírádé. Adìẹ kan ṣoṣo ló ní, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ejò bu adìẹ náà jẹ, ó kú, ó fi ẹyin méjìlá sílẹ̀ nínú ìtẹ́. Mojírádé sunkún títí. Ó wá kó ẹyin náà fún Ẹ̀rọ pé kó bá òun sàba lé wọn.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni adìẹ fi ń sàba. Mojírádé to yàrá kéékèèké mọ́kànlélógún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú kọ̀ǹpútà, ọjọ́ kan, yàrá kan. Inú wọn ló ń kọ iye ìgbà tí Ẹ̀rọ máa yí ẹyin lọ́jọ́ náà sí. Ó kọ ẹ̀ẹ̀mẹta sínú méjìdínlógún. Kò kọ nǹkan kan sínú mẹ́ta tó kẹ́yìn, nítorí ìyá adìẹ kì í yí ẹyin mọ́ bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ògbufọ̀ rí yàrá mẹ́ta náà. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an.

Àṣé yàrá yẹn kò ṣófo! Ẹnìkan ti fi Ẹ̀rọ yan ẹ̀pà rí, àádọ́rùn-ún ìgbà tó máa ń yí ẹ̀pà lójúmọ́ ṣì wà ní kíkọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹyin bí ẹni ń yan ẹ̀pà. Kí Mojírádé tó sáré dé láti oko, ó ti pẹ́ díẹ̀. Ẹyin mọ́kànlá di ọmọ. Ọ̀kan kò yọjú.

"Bàbá, ṣé ẹ rí yàrá náà?"

"Mo rí i, ọmọ mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Omi lé ròrò sójú Ògbufọ̀. "O ò rán mi."

Ojú ti Ẹ̀rọ náà. Ó ṣèlérí pé yàrá tí wọn ò bá kọ nǹkan sí, òun á máa gbá a mọ́, òun á sì fi òdo síbẹ̀.

Lọ́dún kejì, Mojírádé tún fẹ́ pa ẹyin. Ó tún fi yàrá mẹ́ta sílẹ̀.

"Mojírádé, yàrá mẹ́ta ṣófo o!"

"Mo mọ̀, Bàbá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹ̀rọ ti fi òdo síbẹ̀."

"Mẹ́ta ni o, ọmọ mi!"

"Háà, Bàbá! Ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀!"

Ó fẹ́ bínú, àmọ́ ó gbọ́ bí ohùn bàbá ṣe ń gbọ̀n. Àánú rẹ̀ ṣe é.

"Ẹ máa sọ ọ́," ó ní. "Èmi náà á máa dá yín lóhùn."

Láti ọjọ́ náà ni Ògbufọ̀ inú kọ̀ǹpútà ti ń kìlọ̀ bó bá rí yàrá tí a kò kọ nǹkan sí, kódà nígbà tí kò séwu kankan. Àwọn tó ń rán an níṣẹ́ lónìí á pòṣé, wọ́n á ní, "Ta ló bi ọ́?" Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba bàbá nítorí wọn.