Akódà Tó Gbé Ìkòkò Kọjá Odò

Yin ni, yin ni, kí ẹni lè ṣe mìíràn. Gbogbo ẹnu ló ń pa òwe yìí. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Àwọn tó ń pa á níbi ìsọmọlórúkọ rò pé inú dídùn ló bí i. Rárá o. Ìbínú ló bí i, létí odò, lẹ́nu obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ ti sú.

Àwẹ̀ró lorúkọ obìnrin náà. Ìkòkò ló ń mọ ní Ìdí-Ọsán. Odò Ayébọ̀ ló wà láàrin ìlú yìí àti ọjà, kò sì sí afárá níbẹ̀. Ọba ní kí gbogbo ọkùnrin jáde wá ṣe afárá, ó sì fi akódà kan sétí odò kó máa mú àwọn tó bá sá. Akódà ni ọlọ́pàá ayé ìgbà náà. Ògúnṣakin ni wọ́n ń pe ti ibẹ̀. Ọmọ etí òkun ni, ó mọ omi bí ẹja. Pàṣán rẹ̀ kò sì mọ ojúsàájú. Òjéwọlé, ọkọ Àwẹ̀ró, bàbá Ṣubúọlá, wà lára àwọn tó sá lọ sínú oko, pàṣán náà sì bà á lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ ọjà kan, Àwẹ̀ró ru ìkòkò mẹ́sàn-án, iṣẹ́ oṣù kan gbáko. Omi ti kún ju bó ṣe rò lọ. Ó dé àárín, odò gbá a lẹ́sẹ̀. Ògúnṣakin ju pàṣán sílẹ̀, ó bẹ́ sómi. Ó gbé obìnrin, ó gbé ìkòkò. Ẹyọ kan kò fọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìròyìn ti gba ìlú. Ẹ wá gbọ́ ẹnu lábẹ́ igi ọsán.

"Akódà gbé ìkòkò? Mélòó ló gbà níbẹ̀?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Èèyàn Ọlọ́run ni. Kò sí akódà burúkú mọ́ láyé."

"Lọ bi ẹ̀yìn Òjéwọlé léèrè."

"Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni? Oúnjẹ ta ló ń jẹ?"

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi jọba. Ṣebí ó ti gbé ìkòkò."

Òjéwọlé ló rẹ́rìn-ín jù.

Ilẹ̀ mọ́. Àwẹ̀ró ró aṣọ. Ẹni tí a ṣe lóore lánàá, àárọ̀ yìí ló yẹ kó lọ kí olóore kú àná.

"Níbo?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Mo fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ akódà."

"Máa lọ. Bí wọ́n bá tún mú ẹnì kan nínú oko, ìwọ ni wọn óò ní ó tú àṣírí."

Àwẹ̀ró tún jókòó. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjà kẹta sí i, paramọ́lẹ̀ bu Òjéwọlé ṣán. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ̀ oró ejò ń gbé lódìkejì odò. Àwẹ̀ró fi èjìká gbé ọkọ rẹ̀ dé etí omi. Odò kún dẹ́nu. Afárá tí Òjéwọlé sá fún kò tíì sí níbẹ̀.

Ògúnṣakin jókòó sórí àpáta, pàṣán lórí itan.

"Akódà, ẹ gbà wá. Ejò ló bù ú ṣán."

"Ìyá oníkòkò, àwọn tó ń sá fún iṣẹ́ ni wọ́n ní kí n máa mú. Wọn kò ní kí n máa gbé èèyàn. Mo gbé ẹnì kan níjọ́sí. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó títí oòrùn fi mú. Ẹnì kan kò wá. Ohun tí mo gbọ́ ni pé mo gba ìkòkò."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ ṣeun níjọ́sí. Ó pẹ́ lẹ́nu mi. Ẹ má bínú."

Òjéwọlé ni akódà ń wò.

"Èmi?" ni Òjéwọlé wí. "Kí n yin ẹni tó nà mí?"

Sùúrù Àwẹ̀ró tán.

"Ẹsẹ̀ yín wú tó odó, ẹ ṣì ń ka ẹgba! Ta ló ní kí ẹ gbàgbé ẹgba? Nínà, ó nà yín. Gbígbé, ó gbé mi. Ẹ yìn ín fún èyí tó ṣe, Baba Ṣubúọlá! Yin ni, yin ni, kí ẹni lè ṣe mìíràn ni!"

Òjéwọlé yíjú sí akódà. "Akódà, ẹ kú iṣẹ́. Ìkòkò ìyàwó mi kò fọ́."

"Mélòó ni mo gbà níbẹ̀?"

"Ẹ kò gba ẹyọ kan."

Ògúnṣakin gbé pàṣán sílẹ̀. Ó pọn Òjéwọlé bí ọmọ, ó wọ odò.

Ẹni tó mọ ẹ̀rọ̀ náà tọ́jú Òjéwọlé, kò kú. Nígbà tó lè dìde, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, òun àti aya rẹ̀ jọ lọ dúpẹ́. Ẹní wà nílẹ̀. Akódà bu omi fún wọn mu, ó sì sọ ọjọ́ tí Òjéwọlé yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ afárá.

Nígbà tí ẹni tí a kò fẹ́ràn bá ṣe rere, tí ẹnu ìlú sì ń ṣáátá rẹ̀, ni àgbà ń pa òwe yìí. Kò ní ká sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Kò ní ká gbàgbé ẹgba. Ó ní ká kí i fún ìwọ̀n èyí tó ṣe, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Odò á tún kún.