Omi Tuntun Tí Ìlú Méjì Ń Du

“Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.” Kò sí ọmọ Yorùbá tí etí rẹ̀ kò tíì gbọ́ òwe yìí. Ìyá ń pa á fún ọmọ, onílàjà ń pa á níbi ìjà. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́, kí sì ni ojú rẹ̀ rí tí ó fi sọ ọ́? Bí àwọn ará etí òkun ṣe ń pìtàn rẹ̀ nìyí.

Ìlú méjì wà láyé àtijọ́, Ìgbẹ̀kun àti Odòlúwà. Ọ̀sà kan ló wà láàárín wọn, òkìtì iyanrìn sì dí ẹnu ọ̀sà náà pa bí ògiri. Láti ayé baba ńlá wọn, kò sí ẹni tí ó du ibẹ̀, nítorí kò sí ohun tí ó lè gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí ó yá, ooru àwọn ọdún kan mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òkun ń ga sí i, ó ń jẹ iyanrìn náà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi já a lásìkò òjò ọdún kan. Bí omi iyọ̀ ṣe pàdé omi dídùn, ẹja kún ibẹ̀ bámúbámú. Ọ̀nà gbòòrò sì là fún ọkọ̀ àwọn oníṣòwò. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò wò lánàá wá di ohun tí ọba méjì kò rí oorun sùn lé lórí.

Òfin kan wà létí òkun náà pé omi tí kò sí ẹni tó ni ín, ti ẹni tí èèkàn rẹ̀ bá kọ́kọ́ dúró níbẹ̀ ni. Ibi ìdẹ̀kùn ẹja ni àwọn baba ńlá ṣe òfin náà fún. Kò sí èyí tí ó rò pé a óò fi du ẹnu òkun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìròyìn dé Ìgbẹ̀kun pé àwọn ará Odòlúwà ti gbẹ́ èèkàn, ọkọ̀ wọn sì fẹ́ gbéra. Ọba ránṣẹ́ pe Orímolóyè, olórí àwọn atukọ̀ ìlú.

“Bí èèkàn wọn bá ṣáájú tiwa,” ni ọba wí, “àwọn ọmọ wa yóò máa tọrọ ààyè kí wọ́n tó ju àwọ̀n. Lọ ri tiwa.”

“Kábíyèsí, òkun kò dára lónìí.”

“Ṣé òkun tí ó dára fún wọn ni kò dára fún ọ?”

Orímolóyè jáde lọ sí etí omi. Òun àti àwọn awakọ̀ gbé èèkàn, igi gígùn kan tí wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, sínú ọkọ̀. Adúwọ̀, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, jókòó síwájú.

Nígbà tí wọ́n dé tòsí ẹnu omi náà, òkun ń hó bí ìkòkò tí iná pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Orímolóyè darí ọkọ̀ sí ẹ̀yìn iyanrìn tí ó kù, níbi tí ìgbì kò ti pọ̀, ó sì ní kí wọ́n dúró. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ Odòlúwà fi yọ. Akíntókun ló dúró nídìí rẹ̀, ọkùnrin tí kò bẹ̀rù omi rí, ó ń kígbe sí àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n wà á kíkan.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ń kọjá wa,” ni Adúwọ̀ wí. “Ẹ jẹ́ ká lọ.”

“Wo ìgbì yẹn. Àwọn ńlá ló ń rọ́ tẹ̀lé ara wọn yẹn. Tí wọ́n bá kọjá, yóò rọlẹ̀ díẹ̀. Ìgbà náà la ó gbéra.”

“Kí ó tó rọlẹ̀, wọ́n á ti ri tiwọn. Kí la fẹ́ wí nílé?”

“Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru, Adúwọ̀. Gbé àjẹ̀ rẹ sílẹ̀.”

Adúwọ̀ gbé e sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Orímolóyè alára ń rò ó lọ́kàn. Bí Akíntókun bá dé ibẹ̀, ojo ni wọn yóò máa pe òun títí ayé, wọn yóò sì máa pe àwọn ọmọ òun ní ọmọ ojo.

Akíntókun dé ẹnu omi náà lóòótọ́. Ó ti gbé èèkàn dúró láti ri í kí ìgbì tó gbá ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ó sì dojú rẹ̀ dé. Èèkàn rẹ̀ bá omi lọ. Orí àwọn ènìyàn ń yọ, ó ń rì.

Lẹ́yìn náà ni òkun rọlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Orímolóyè ti wí. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ìrọlẹ̀ náà kò ní pẹ́. Wọ́n lè fi ri èèkàn, wọ́n sì lè fi yọ ènìyàn. Kò lè tó fún méjèèjì.

Orímolóyè yí orí ọkọ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rì.

“Kábíyèsí kò rán wa níṣẹ́ yìí,” ni Adúwọ̀ wí.

“Na èèkàn sí wọn.”

Adúwọ̀ di igi náà mú, kò mira. Ó wo ẹnu omi tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó wo ọwọ́ tó ń jà lójú omi. Ó na èèkàn náà. Wọ́n fi ń fa wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìgbì fi padà dé, tí ó sì já igi náà gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kan ṣẹ́kù sómi, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n Akíntókun obìnrin bí. Wọn kò rí i mọ́.

Ọba Ìgbẹ̀kun gba ipò olórí atukọ̀ lọ́wọ́ Orímolóyè lọ́jọ́ náà gan-an. Kò pẹ́ tí Akíntókun fúnra rẹ̀ fi wá sí ààfin, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Kábíyèsí,” ni ó wí, “èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ìròyìn ikú ọmọ rẹ̀ ni mo gbé lọ fún ẹ̀gbọ́n mi, n kò tilẹ̀ rí òkú rẹ̀ gbé. Nínú ọkọ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi ohun tí Orímolóyè wí, pé òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ká ní mo gbọ́ ọ kí n tó kúrò létí omi ni.”

Ọba ní kí ó dìde. Láti ọjọ́ náà ni ìlú méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó jíròrò lórí omi náà. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ogun lẹ́ẹ̀kan. Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má ri èèkàn síbẹ̀: kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa dẹdò lẹ́bàá tirẹ̀, kí àárín omi sì jẹ́ ọ̀nà gbogbo ọlọ́kọ̀. Wọn kò dá Orímolóyè padà sí ipò rẹ̀. Adúwọ̀ ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gbóná, tí inú ń ru, tí oníkálukú ń sáré kí ẹlòmíràn má baà ṣáájú òun, ni àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí. Wọ́n ń pa á fún tọkọtaya tó ń jà, wọ́n ń pa á fún ọmọ ìyá tó ń du ogún. Lónìí tí yìnyín ń yọ́ ní ìpẹ̀kun àríwá ayé lọ́hùn-ún, tí àwọn ìjọba ńlá sì ń du òkun tó ń ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, àgbà tó bá gbọ́ ọ lórí rédíò lè pa á fún àwọn náà. Òwe náà kò ní kí á má wà á. Orímolóyè wà á. Ó kàn dúró kí ó rọlẹ̀ ni.