Pàṣípààrọ̀ Gìtá Ọ̀gá Fáníyì

Ọ̀gá Fáníyì, olórí ẹgbẹ́ olórin, gbé gìtá béèsì rẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ ti wọ́ wá sí ìsọ̀ tí àwa onígìtá ti ń ra àlòkù, ó ní kí Gbóyèga, ọ̀kan nínú àwọn onígìtá rẹ̀, fi tirẹ̀ tó yè kooro pààrọ̀ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó fi ẹgbẹ́ òun sílẹ̀. Gbóyèga dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ọlá ńlá nìyí, sà! Ṣùgbọ́n ẹ mọ àṣà ìsọ̀ yìí: ẹni tó ni gìtá ló ń kọ́kọ́ ta á kí gbogbo wa gbọ́.” Ọ̀gá wú bíi búrẹ́dì, ó ta á, gìtá ń ké bí ewúrẹ́ tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Gbóyèga kígbe pé, “Háà! Ohùn yìí ju tèmi lọ! Bí mo bá gba irú èyí lọ́wọ́ yín, olè ni wọn yóò pè mí.” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ọ̀gá gbé gìtá rẹ̀ lọ. Gìtá kù sí Gbóyèga lọ́wọ́, iṣẹ́ ló bọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Múkáílà, tó rẹ́rìn-ín jù nínú wa, ti gba ipò rẹ̀. Gìtá ọlọ́rùn wíwọ́ náà ló gbé kọ́ èjìká, tirẹ̀ ti wà nílé Ọ̀gá.